Bí a ṣe lè fi pọ́díkáàsì kọ́ ọmọ ní kíláàsì: bí mo ṣe ń ṣe é l'Óṣogbo

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa pe rédíò. Ó ń sọ tirẹ̀ lọ, kò dúró gbọ́ tiyín. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti lọ nìyẹn. Ètò ohùn bíi ti rédíò ni pọ́díkáàsì náà, àmọ́ fáìlì ni. Ẹ lè gbà á sórí fóònù, ẹ lè dá a dúró níbi tó bá wù yín, ẹ sì lè dá a padà sẹ́yìn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé ọmọ tó jókòó sí ìdí ògiri. Ní oṣù Kejì ọdún 2004 ni oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, kọ ọ̀rọ̀ náà, podcasting, sínú ìwé ìròyìn Guardian. Orúkọ ẹ̀rọ ìgbọ́rin iPod ló so mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ Apple fi pọ́díkáàsì sínú iTunes, ètò orin rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2005 ló wá di ti gbogbo ayé.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé girama kan níhìn-ín l'Óṣogbo. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kan lé ní ọgọ́ta. Òfin kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú fóònù wá, iná ìjọba sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ilé-ìwé olówó ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Bí a bá kàn tan pọ́díkáàsì sílẹ̀ tí àwọn ọmọ sì jókòó tẹtẹrẹ, a ti sọ ọ́ di asọ̀rọ̀mágbèsì padà. Nítorí kí àwọn ọmọ lè fèsì ni mo ṣe ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ máa kà yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irinṣẹ́

Fóònù olùkọ́ kan tó, pẹ̀lú sípíkà kékeré kan tó ń lo bátìrì, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà Ìgbọ́nà àti Ọjà Ọba. Ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ tó rà á. Ẹ má fi orin dán an wò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ fi dán an wò, torí pé sípíkà tó ń lu ìlù tó dùn lè máa pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Ẹ gbé e sórí àga níwájú, kí ẹ wá rìn lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Bí ẹ kò bá lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ padà, ẹ gbé e sí àárín kíláàsì.

Ilé ni kí ẹ ti gba ètò náà sílẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì gba iná sínú fóònù àti sípíkà kí ẹ tó sùn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kíláàsì láéláé. Ní ti dátà, ètò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún pọ̀ sí MP3 lórí ìwọ̀n 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kò ju nǹkan bíi 4.8 MB lọ. Tó bá jẹ́ 32 kbps, èyí tó ṣì dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu, 2.4 MB péré ni. Fídíò ló ń jẹ dátà, ohùn kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí sípíkà tí yóò borí rẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ètò wo ni ẹ máa yàn?

Ètò kúkúrú ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ogójì ìṣẹ́jú ni mo tàn fún SS1, ìjíròrò àwọn àgbàlagbà méjì lórí àṣà ìgbéyàwó. Ètò náà dára, èmi fúnra mi gbádùn rẹ̀. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orí ọmọ bíi mẹ́wàá ti wà lórí tábìlì, àwọn tí kò sùn sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ wọ́n níyà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ẹ̀bi mi ni. Kò sí ìbéèrè tí mo bi wọ́n, kò sì sí ibi tí mo ti dá ètò náà dúró.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni mo ń lò báyìí. Bí ètò bá gùn, mo máa ń gé ibi tí mo fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá lè wo ohùn tí BBC Yorùbá ń gbé jáde. Láti oṣù Kejì ọdún 2018 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn lè lo 6 Minute English ti BBC Learning English: ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wà ní kíkọ sílẹ̀, èyí tó wúlò gan-an fún ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé náà, kí ó sì jókòó sí iwájú, láìpariwo rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì.

Ohun yòówù kí ẹ yàn, ẹ fúnra yín gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ibi tí ẹ máa dá a dúró. Àìgbọ́ tẹ́lẹ̀ máa ń kó ni sí wàhálà: ọ̀rọ̀ ìpolówó tàbí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lè jáde níbi tí ẹ kò fọkàn sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbéèrè ṣáájú ohùn

Kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó. Mẹ́ta tó. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí gbogbo ọmọ lè dáhùn: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo ló wà? Kí ìkejì béèrè ìdí. Kí ìkẹta sì jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ètò náà rárá, tí ọmọ ní láti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ pín etí. Mo máa ń sọ fún ìlà ọwọ́ ọ̀tún pé, "Ẹ̀yin, orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ni kí ẹ máa gbọ́." Fún ìlà àárín, "Òwe àti àkànlò èdè ni tiyín." Ọmọ tó bá mọ ohun tí òun ń wá kì í sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó lọ tààrà láìdúró, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan. Ní ìgbà kejì, ẹ máa dá a dúró níbi tí ẹ ti sàmì sí, kí ẹ béèrè pé, "Kí lẹ rò pé ó máa sọ tẹ̀ lé e?" Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì mẹ́ta sọ tẹnu wọn kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ariwo ayọ̀ tó ń sọ nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sọ ohun tí ọmọ kan ti sọ tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bí a ṣe ń pa àlọ́ náà nìyẹn: apàlọ́ kì í dá nìkan sọ̀rọ̀, ó pè pé "Ààlọ́ o!", a dáhùn pé "Ààlọ̀!", a sì ń gbe orin fún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè nígbà tí mo bá ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ààyè èsì àwọn ọmọ ni.

Ọ̀rọ̀ àti ohùn orí ọ̀rọ̀ ni ìgbà kẹta wà fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń kórìíra àmì ohùn. Wọ́n gbà pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, tí tíṣà fi ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Ẹ dán èyí wò. Ẹ fi fóònù gba gbólóhùn márùn-ún sílẹ̀ ní ohùn ara yín: Mo ra igbá. Igba náírà ni. Ìgbà wo lo máa dé? Ó fi igbà gun ọ̀pẹ. Ìgbá wà nínú àwo. Ẹ wá kọ "igba" lẹ́ẹ̀márùn-ún sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i. Ẹ tan gbólóhùn kan, ẹ dá a dúró, kí ọmọ kan jáde wá fi àmì sí tirẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe é fún JSS2, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló jáde fún "igbà". Ó di ẹfun mú, ó dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un tàn." Mo tún un tàn. Ó tún ní kí n tún un tàn. Ní ìgbà kẹta, mo rí i tí ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè dé ìbàdí, tó sì rọra fà á sílẹ̀ bí ohùn náà ṣe ń wálẹ̀. Ó ní, "Re, dò. Ó sọ̀kalẹ̀, mà!" Ó fi àmì sí i níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Bí èmi ni mo dúró níwájú tí mo ń pe ọ̀rọ̀ náà, ojú yóò tì í láti sọ pé kí n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù kì í bínú, kò sì ń rẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí àwọn ọmọ ṣe tiwọn

Gbígbọ́ dára, ṣíṣe ló ń kọ́ ọmọ jù. Mo pín ọgọ́ta ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ni olùbéèrè, ẹnìkan ń mójú tó fóònù, ẹnìkan ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, ẹnìkan máa sọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Àwọn méjì tó kù ló ń ṣètò ìbéèrè. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń jáde lọ́sẹ̀, pẹ̀lú mi àti fóònù mi, lẹ́yìn tí purínsípà àti òbí ti fọwọ́ sí i.

Òṣogbo kò ní kí a máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Reluwé dé ìlú yìí ní ọdún 1907. Ọdún 1962 ni Dúró Ládipọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí, àwọn tó sì wo eré rẹ̀ lójú ara wọn ti di àgbàlagbà báyìí. Bí a kò bá gba ohùn wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, ìgbà wo? Ọdún 2005 ni UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ọmọ tí kò bá tilẹ̀ lè jìnnà sílé lè bi òbí rẹ̀ pé, "Níbo lẹ wà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo di olú-ìlú?" Ìbéèrè yìí nìkan fún wa ní ètò mẹ́rin tí kò jọra.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti aró. "Òṣogbo ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun" ni oríkì wa wí, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ mi kò rí ìkòkò aró rí. A lọ bá ìyá àgbà kan ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí a tó lọ, mo ti gé ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àwọn ọmọ kù sí márùn-ún, mo sì yọ gbogbo èyí tí ènìyàn lè dáhùn pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" kúrò. Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ aró le?" Ẹ béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yìí le fún yín jù?" Mo kọ́ wọn ní kíkí pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúnlẹ̀, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ní "Àrẹ̀dú o!", ìyá náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé ti kí òun bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí àwọn nǹkan wọ̀nyí tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí àwòrán ọkọ̀ òfuurufú wà lórí fóònù kí ìpè má baà wọlé; a ti pàdánù ìdáhùn tó dùn jù nínú ètò kan rí nítorí ìpè àwọn tó ń ta dátà. Ẹ ká aṣọ ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ẹ gbé fóònù lé e lórí àpótí, kí ìró ọwọ́ tó bá kan àpótí má baà wọlé. Kí fóònù jìnnà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa fẹ́ sí i.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé máa ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni mà", "ẹn, mà", ní gbogbo ìgbà. Nínú fóònù, àwọn "bẹ́ẹ̀ ni mà" wọ̀nyí máa ń bo ọ̀rọ̀ àgbà mọ́lẹ̀. Orí ni kí ọmọ máa mì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àgbà náà, kí ó má baà rò pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ìwà. Mo sọ fún ìyá aláró pé, "Mà, wọn ò ní dáhùn, orí ni wọ́n máa máa mì, kí ohùn yín lè mọ́ gaara." Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Kí wọ́n ṣáà má mì í jábọ́."

Ó sọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a sóòrùn. Bí wọ́n ṣe ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n lu ní ìdí, kí omi eérú lè máa sẹ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Nígbà tó fa aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, ó ń dúdú lọ lójú wa. Ẹ̀rù ba ọmọ tó di fóònù mú pé ètò ohùn kò lè fi èyí hàn. Mo ní kó bi ìyá pé kí ni ojú wọn ń rí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí a kò rí nínú ìwé kankan tí mo fi ń kọ́ wọn. Kí a tó kúrò, a gba ìṣẹ́jú kan ìró ibẹ̀ nìkan sílẹ̀: omi eérú tó ń kán, odó, adìẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gígé, fífi pamọ́, fífi ránṣẹ́

Audacity, ètò tí a fi ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, kì í gba kọ́bọ̀, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń wúkọ́, ẹ gé ibi tí ọ̀rọ̀ ti pòórá, kí ẹ fi ìró àyíká sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gé ìdákẹ́jẹ́ àgbà tó ń ronú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó jẹ́. Ohùn tí a kò tíì fún pọ̀ lè tó 53 MB fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di MP3 kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́ sínú mẹ́mọ́rì kádì pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àdúgbò lára rẹ̀.

WhatsApp àwọn òbí tó láti pín in. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé gbogbo ayé, Spotify for Creators, ibi tí a ti ń gbé pọ́díkáàsì jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ òbí kí ohùn ọmọ tó jáde síta, ẹ má sì pe orúkọ ọmọ ní kíkún tàbí kí ẹ dárúkọ ilé rẹ̀. Ohùn ọmọ jẹ́ ara dúkìá rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2023 sì ń béèrè àṣẹ òbí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé.

Ní ti máàkì, mo ń fún ìbéèrè ní márùn-ún, kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn ní mẹ́wàá, àjọṣe ẹgbẹ́ ní márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀

A gbé sípíkà padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín síbi tí adìẹ ti ké. Nígbà tí ohùn náà dé orí omi eérú, ó nà ọwọ́ sí sípíkà bí ẹni pé ènìyàn ló jókòó síbẹ̀, ó ní, "Rárá o, dúró ná! O ò sọ fún wọn pé a máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí a tó mọ̀ bóyá ó ti kan tó." Ọmọbìnrin tó ń mójú tó fóònù ti tẹ ibi ìgbohùnsílẹ̀ kí ìyá tó parí ọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi bóyá ó ṣe é dáadáa, ó sì gbé fóònù sórí aṣọ tí a ká, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.